Owó Oṣù Tó Pọ̀ àbí Àjẹmọ́nú Tó Dára? Bí A Ṣe Lè Fi Iṣẹ́ Méjì Wéra

Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ méjì ni àbúrò mi obìnrin tẹ́ sórí tábìlì níwájú mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ti fi bírò fa ìlà yí owó oṣù inú méjèèjì ká: 120 nínú lẹ́tà kìíní, 100 nínú lẹ́tà kejì. (Mo ti pa iye gidi dà kí n má baà tú àṣírí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe jìnnà síra nìyẹn.) Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ mú. Ẹ sáà wo owó." Mo bi í bóyá ó ti ka lẹ́tà náà dé ìparí. Ó ní òun ti ka ewé àkọ́kọ́. Ewé mẹ́rin sì ni lẹ́tà náà.

A jọ kà á tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá wà ní irú oríta bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé kí a ṣírò ohun tí wákàtí kan nínú ayé wa ń mú wọlé níbi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí a sì ka àjẹmọ́nú (ohun tí iṣẹ́ ń fún èèyàn lẹ́yìn owó oṣù, bí ìlera, ìsinmi àti owó ìfẹ̀yìntì) mọ́ ọn kìkì tó bá jẹ́ èyí tí a lè lò, tó sì wà lákọsílẹ̀. Owó oṣù nìkan kò tó láti fi yan iṣẹ́.

Owó orí ìwé àti owó inú àpò

Iye tí wọ́n ń kọ sínú lẹ́tà sábà máa ń jẹ́ owó oṣù kí wọ́n tó yọ ohunkóhun nínú rẹ̀. Owó orí máa kúrò níbẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń dá máa kúrò, ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ti adójútòfò ìlera lè kúrò pẹ̀lú. Ẹ béèrè iye tó máa dé ọwọ́ yín gan-an lóṣù. Ìbéèrè yìí kò ní ìtìjú nínú.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí ni bí wọ́n ṣe pín owó náà. Ibì kan lè pe gbogbo 100 ní owó oṣù. Ibòmíràn á ní ìdajì ni owó oṣù gan-an, ìdajì tó kù sì jẹ́ owó ilé, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣírò owó ìfẹ̀yìntì, bónọ́ọ̀sì, tàbí owó tí wọ́n máa fún èèyàn bí wọ́n bá dá a dúró, owó oṣù gan-an yẹn ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń gùn lé. Bí wọ́n bá ti gé e kúrú, gbogbo ohun tó so mọ́ ọn ló kúrú. Nínú lẹ́tà kìíní àbúrò mi, 70 péré ni owó oṣù gan-an nínú 120. Ewé kejì ni wọ́n kọ ọ́ sí, nísàlẹ̀.

A gbé lẹ́tà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn

Ilé-iṣẹ́ aládàáni ńlá kan ló kọ lẹ́tà kìíní. Agogo mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ìsinmi ọjọ́ 10 lọ́dún. Ìtọ́jú ìlera wà fún òṣìṣẹ́ nìkan, kò kan ọkọ àti ọmọ. Ilé-iṣẹ́ náà máa ń dá 8% owó oṣù gan-an sí owó ìfẹ̀yìntì, àmọ́ owó yẹn kò ní di ti òṣìṣẹ́ àfi tó bá pé ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Àlọ àtàbọ̀ gba wákàtí méjì lójúmọ́.

Ọ́fíìsì ìjọba ni lẹ́tà kejì ti wá. Agogo mẹ́jọ sí mẹ́rin, ìsinmi ọjọ́ 20, ìtọ́jú ìlera fún gbogbo ìdílé, 10% owó ìfẹ̀yìntì láti oṣù àkọ́kọ́. Àlọ àtàbọ̀ kò ju wákàtí kan lọ.

Mo mú ìwé, a sì kọ ọ́ báyìí. Ní ti ìlera, a fi iye tí òun ì bá fi ra ti ìdílé rẹ̀ láti àpò ara rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n, ìyẹn 8 lóṣù. Àwọn ọjọ́ ìsinmi gbogbogbòò bá méjèèjì dọ́gba, nítorí náà a kò kà wọ́n.

| Fún ọdún kan | Lẹ́tà kìíní | Lẹ́tà kejì |
|---|---|---|
| Owó oṣù | 1,440 | 1,200 |
| Owó ìfẹ̀yìntì láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ | 0 | 120 |
| Ìtọ́jú ìlera ìdílé | 0 | 96 |
| Owó ọkọ̀ tó ń jáde | −72 | −24 |
| Àpapọ̀ | 1,368 | 1,392 |
| Wákàtí iṣẹ́ pẹ̀lú ìrìn ojú ọ̀nà | 3,000 | 2,160 |
| Owó wákàtí kan | 0.46 | 0.64 |

Nígbà tó dé ìlà tó kẹ́yìn, ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kí a fi owó ìfẹ̀yìntì ti àkọ́kọ́ kún un, bí ẹni pé òun máa lo ọdún mẹ́ta náà pé. A fi kún un. Ó di 0.48. Iṣẹ́ tó dà bíi pé ó fi ìdá kan nínú márùn-ún ju èkejì lọ ló kéré tó bẹ́ẹ̀, wákàtí 840 ni ì bá sì fi ṣe é lọ́dún lórí ti èkejì.

Wákàtí ni ibi tí ìyàtọ̀ ti máa ń fara pamọ́ jù. Láti ọdún 1919 tí wọ́n dá Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́, ILO, sílẹ̀, àdéhùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ni pé kí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ má kọjá wákàtí 8 lójúmọ́ àti 48 lọ́sẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1938 ló mú kí wákàtí tó bá lé sí 40 lọ́sẹ̀ máa gba owó kan àbọ̀, ṣùgbọ́n òfin náà yọ ọ̀pọ̀ ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń gba owó oṣù sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí gbólóhùn kan nínú lẹ́tà tó sọ pé owó oṣù ti kó ófátáìmù mọ́ra, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ béèrè agogo tí àwọn tó wà níbẹ̀ ń kúrò ní ọ́fíìsì gan-an, ẹ má sì bi ọ̀gá. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé fún yín ni kí ẹ bi.

Mi ò sọ pé iṣẹ́ ìjọba ló máa ń borí. Owó ìjọba ní àtẹ̀gùn tí gbogbo èèyàn mọ̀: ọdún yìí, ìpele yìí. Ó fọkàn balẹ̀, ó sì lọ́ra. Ẹni tó mọṣẹ́ gan-an lè di ìlọ́po méjì ní ilé-iṣẹ́ aládàáni láàárín ọdún mẹ́rin, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìjọba ṣì wà lórí àtẹ̀gùn kejì. Ẹni tí gbèsè ń lé, tí kò tíì lọ́mọ, tí iṣẹ́ náà sì máa kọ́ ní ohun tó lè tà níbòmíràn, lè mú owó ọwọ́ tó pọ̀, kó má sì jẹ̀bi. Ìṣirò rẹ̀ ló yàtọ̀ sí ti ìyá ọmọ méjì.

Owó ìfẹ̀yìntì: ta ló dì í mú, ìgbà wo ló di tiyín?

Orí èyí ni mo fẹ́ pẹ́ sí, torí pé mo ti jìyà rẹ̀. Mo kúrò níbi iṣẹ́ kan nígbà tó ku oṣù méjì kí n pé ọdún mẹ́ta. Ibi tuntun tí mò ń lọ ń kánjú, èmi náà ń kánjú. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, èmi náà kò sì kà á, pé gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ti dá sí owó ìfẹ̀yìntì mi máa padà sí àpò wọn bí mo bá lọ ṣáájú ọdún mẹ́ta. Ìwé tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn ní òpó méjì: "ìdá òṣìṣẹ́" àti "ìdá agbanisíṣẹ́". Òdo ni wọ́n kọ sábẹ́ èkejì. Mo ṣì ní ìwé náà lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré ni ǹ bá fi ní sùúrù.

Oríṣi méjì ni owó ìfẹ̀yìntì. Nínú ọ̀kan, agbanisíṣẹ́ ṣèlérí iye kan lóṣooṣù títí ẹ ó fi kú, wọ́n á sì fi iye ọdún tí ẹ lò àti owó oṣù yín ṣírò rẹ̀. Ìjọba ló ṣì sábà máa ń ṣe èyí. Nínú èkejì, ẹ̀yin àti agbanisíṣẹ́ ń dá owó sínú àpò kan tó ń jẹ́ orúkọ yín. Ohun tó wà nínú àpò náà àti èrè orí rẹ̀ lẹ máa bá lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì, ó pọ̀ o, ó kéré o. Bí ọjà bá wó, ọrùn yín ló wó lé. Èyí lọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ aládàáni ń lò báyìí. Ní Ọsirélíà, òfin ló fi dandan mú agbanisíṣẹ́ láti ọdún 1992 láti máa dá a, ó sì ti di 12% láti oṣù keje ọdún 2025.

Bí ẹ bá ń fi méjì wéra, ẹ má kàn wo ìdá mélòó. Ẹ wo ibi tí owó náà ń gbé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Studebaker ti ilé ẹ̀rọ rẹ̀ ní South Bend, ní Amẹ́ríkà, pa ní òpin ọdún 1963, owó kò tó nínú àpò ìfẹ̀yìntì. Àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 4,000 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 40 sí 59 rí nǹkan bí 15% gbà nínú ohun tó tọ́ sí wọn, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò sì rí kọ́bọ̀. Ìbínú ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó bí òfin ìfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà ti ọdún 1974. Ní Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí Robert Maxwell, olówó tó ni ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn, kú ní ọdún 1991, ni wọ́n rí i pé owó tó lé ní 400 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ti dàwátì nínú àpò ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Enron, ilé-iṣẹ́ gáàsì àti iná ńlá kan ní Amẹ́ríkà, wó. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ti fi owó ogbó wọn ra ìpín Enron kan náà tó ń san owó oṣù wọn, iṣẹ́ àti ìfẹ̀yìntì sì jọ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nítorí náà, àpò tí àjọ mìíràn ń tọ́jú, tí orúkọ yín wà lórí rẹ̀, tí ẹ lè wo iye tó wà níbẹ̀ nígbàkúgbà, tí ẹ sì lè gbé lọ síbi iṣẹ́ tuntun, sàn ju ìlérí ńlá tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ 6% lẹ máa gbà níbi àkọ́kọ́ àti 10% níbi kejì, tí ti àkọ́kọ́ sì di tiyín lóṣù àkọ́kọ́, tí ti èkejì di tiyín lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ẹ bi ara yín ní òótọ́ bóyá ẹ máa wà níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún.

Ìlera

Ogun Àgbáyé Kejì ló mú kí àṣà pé kí agbanisíṣẹ́ máa dójútòfò ìlera òṣìṣẹ́ gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1942 ìjọba ká owó oṣù lọ́wọ́ kò kí ọjà má baà gbówó lórí, ṣùgbọ́n wọ́n fàyè gba àjẹmọ́nú. Àwọn agbanisíṣẹ́ tó ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í fi adójútòfò ìlera fà wọ́n mọ́ra, ó sì di ohun tó so mọ́ iṣẹ́ títí dòní. Ní Gẹ̀ẹ́sì, tí ìjọba ti ń tọ́jú gbogbo èèyàn láti ọdún 1948, àfikún lásán ni èyí tí agbanisíṣẹ́ bá fi sí i. Ìyẹn ni pé ibi tí ẹ wà ló máa sọ bí àjẹmọ́nú yìí ṣe wúwo tó. Níbi tí oníkálukú ti ń san owó ilé ìwòsàn láti àpò ara rẹ̀, ó lè wúwo ju àfikún owó oṣù ọdún mẹ́ta lọ.

Káàdì ìlera kò jọ káàdì ìlera. Mo ti dúró rí níwájú tábìlì ilé ìwòsàn kan tí ọmọ mi ń gbóná lọ́wọ́ mi, tí wọ́n ní àwọn kò gba káàdì ilé-iṣẹ́ wa mọ́ láti oṣù tó kọjá. Kò sí ẹni tó fi tó wa létí. Láti ìgbà náà, mo máa ń béèrè orúkọ ilé ìwòsàn tó gbà á nítòsí ilé mi, mo sì máa ń pe wọ́n fúnra mi. Ẹ béèrè bó bá kan ìbímọ àti àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, iye tó pọ̀ jù tí wọ́n máa san lọ́dún, àti bóyá ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ wọṣẹ́ àbí lẹ́yìn àkókò tí wọ́n fi ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò.

Ìsinmi

Àdéhùn ILO ti ọdún 1970 fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe ìsinmi tó kéré jù fún ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ọdún kan. Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi mẹ́rin ṣe tiwọn. Ní Amẹ́ríkà, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ kankan tó fi dandan mú agbanisíṣẹ́ láti san owó ìsinmi fún òṣìṣẹ́. Ní ti ìsinmi ìbímọ, àdéhùn ILO ti ọdún 2000 ní kó má dín sí ọ̀sẹ̀ 14, kí owó tí wọ́n ń san má sì dín sí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹ fi ti lẹ́tà yín wé e. Ẹ wò ó dáadáa bóyá owó kíkún ni wọ́n ń san, torí pé "ìsinmi oṣù mẹ́ta" láìsówó àti ìsinmi oṣù mẹ́ta pẹ̀lú owó kì í ṣe ọmọ ìyá.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń sọ pé àwọn kò fi òdiwọ̀n sí ìsinmi, kí òṣìṣẹ́ gba iye tó bá fẹ́. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ibi tí kò ti sí iye, kò sí ọjọ́ tí ẹ kò lò tí wọ́n máa san owó rẹ̀ fún yín nígbà tí ẹ bá ń lọ, ojú ọ̀gá lẹ sì máa wò kí ẹ tó béèrè. Èmi yóò mú ọjọ́ 25 tó wà lákọsílẹ̀.

Bónọ́ọ̀sì, ìpín ilé-iṣẹ́, ilé gbígbé

Owó oṣù kẹtàlá jẹ́ òfin ní Brazil láti ọdún 1962 àti ní Philippines láti ọdún 1975. Níbi tí kò ti sí irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹ wá gbólóhùn tó bá sọ pé bó bá wu ilé-iṣẹ́ ni wọ́n máa san án. Bónọ́ọ̀sì tó bá ní irú ọ̀rọ̀ yìí, mo máa ń kà á sí òdo nínú ìṣirò mi. Bó bá wá dé, mo dúpẹ́.

Àjẹmọ́nú tún lè ní okùn nínú. Nígbà tí Henry Ford, ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Ford sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kéde dọ́là márùn-ún lójúmọ́ ní oṣù kìíní ọdún 1914, tó sì dín wákàtí iṣẹ́ kù sí mẹ́jọ, ó jẹ́ bí ìlọ́po méjì owó tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ jẹ́ èrè àjọpín, ilé-iṣẹ́ sì ń rán èèyàn lọ sílé òṣìṣẹ́ láti wo bó ṣe ń gbé ìgbé ayé rẹ̀ kó tó lè gbà á. Ilé tí iṣẹ́ bá fún èèyàn gbé náà ní okùn tirẹ̀: ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́, ilé bọ́.

Ilé-iṣẹ́ tuntun tí kò tíì lówó púpọ̀ lè fi ìpín ara rẹ̀ dí àlàfo owó oṣù. Ọdún mẹ́rin ló sábà máa ń gbà kó tó di tiyín tán, ẹ kò sì ní rí nǹkan kan bí ẹ bá lọ ṣáájú ọdún kan. Ìpín ilé-iṣẹ́ tí kò sí lórí ọjà ìpín kò ṣeé tà láti fi san owó ilé ìwé. Ẹ gba irú iṣẹ́ yìí bí owó oṣù rẹ̀ nìkan bá tó yín jẹ.

Iṣẹ́ àdéhùn àti iṣẹ́ orí áàpù

Iye tí wọ́n máa ń sọ níbí sábà máa ń wúni lórí. Ẹ padà sí tábìlì òkè: owó oṣù, ìfẹ̀yìntì àti ìlera lẹ́tà kejì jẹ́ 1,416 lọ́dún. Ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ kan náà ní àdéhùn lásán, láìsí àjẹmọ́nú, gbọ́dọ̀ gba 118 lóṣù kó tó dọ́gba. A kò tíì ka ọjọ́ ìsinmi tí kò ní gbowó lé e, tàbí ọjọ́ àìsàn, tàbí oṣù tó máa fi jókòó láàárín àdéhùn kan àti òmíràn. Èmi kì í gbà á bí kò bá tó 140.

Ti áàpù ṣòro jù, torí òṣìṣẹ́ ló ń gbé epo, àtúnṣe ọkọ̀ àti ewu. Ní oṣù kejì ọdún 2021, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ pé àwọn awakọ̀ Uber tó gbé ẹjọ́ wá kì í ṣe adáníṣẹ́, pé owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin àti ìsinmi tó ní owó tọ́ sí wọn. Bí òfin ìlú yín ṣe pe yín ló máa sọ ohun tó tọ́ sí yín, kì í ṣe orúkọ tí áàpù fún yín.

Ní ti àwọn àjọ tí kì í ṣe ti èrè, ìbéèrè kan ló ṣe kókó: ọjọ́ wo ni owó iṣẹ́ àkànṣe yìí máa tán? Àjẹmọ́nú wọn lè dára gan-an títí di ọjọ́ náà. Ilé-iṣẹ́ kékeré tó jẹ́ ti ẹnì kan sì lè jẹ́ onínúure ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n inúure ọ̀gá ni, kò sí lórí ìwé. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ́.

Àbúrò mi kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ́jọ́ kejì. Nǹkan mẹ́ta ló béèrè: kí wọ́n gbé owó oṣù gan-an láti 70 sí 100 nínú 120 náà, kí káàdì ìlera kan àwọn ọmọ rẹ̀, kí iṣẹ́ sì parí ní agogo márùn-ún. Wọ́n gbà láti fi ọmọ kan kún káàdì. Wọn kò dáhùn nípa owó oṣù. Nípa wákàtí, wọ́n ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ka èsì náà fún mi lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, ó sì béèrè ibi tí òun máa fọwọ́ sí nínú lẹ́tà kejì. Agogo mẹ́rin àbọ̀ ló ń délé báyìí.